Imú oníhò fún apá inú afẹ́fẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Kubwa, l'Ábújá

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ihò wínníwínní tó wà ní imú apá, bí ìyẹ́ bàálù tàbí ti fáànù, ló ń dín ariwo rẹ̀ kù lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn ló dín in kù tí a wá ń kan sáárá sí ihò? Gígé imú kò le. Kí gbogbo nǹkan yòókù dúró bákan náà nígbà tí a bá pààrọ̀ imú, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ibi tí ariwo ti ń wá

Apá ni a ń pe ohunkóhun tí imú rẹ̀ yípo tí ìrù rẹ̀ sì tín-ínrín, ìbáà ṣe ìyẹ́ bàálù, ìyẹ́ fáànù tàbí ti drone. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dàrú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ààjà kéékèèké tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà á máa ya lu imú. Imú líle kò gba ààjà láyè. Ààjà gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí lójijì, ìfúnpá ojú òkè àti ti ojú ìsàlẹ̀ á wá máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ni etí ń gbọ́. Fáànù jẹnẹrétọ̀ tó ní àwọ̀n irin níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù l'Ábújá: àwọ̀n da afẹ́fẹ́ rú, ìyẹ́ fáànù pàdé rúgúdù náà, ariwo dé. Olùwádìí kan, Amiet, ṣe ìṣirò irú ariwo yìí ní 1975, òun la ṣì ń lò.

Bí ààjà bá ṣe tóbi tó ló ń sọ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe ga tó. Ẹ pín ìyára afẹ́fẹ́ sí ìwọ̀n ààjà: ní 20 m/s, ààjà 40 mm ń dún ní 500 Hz, ti 10 mm ń dún ní 2 kHz. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ihò tó bá tóbi tó ààjà fúnra rẹ̀ ti kúrò ní ihò, ó ti di kòtò.

Ọgbọ́n pé kí ara apá rọ̀ kì í ṣe tuntun. Òwìwí tí gbogbo ilé ń lé dànù ti ń lò ó tipẹ́. Olùwádìí kan, Graham, kọ nípa rẹ̀ ní 1934: imú ìyẹ́ rẹ̀ rí bí eyín òòyà, ìrù rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí etí aṣọ òfì, ara rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Cottbus, ní Jámánì, gbé àbájáde jáde lórí apá tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ oníhò. Ariwo lọ sílẹ̀, àmọ́ agbára ìgbéròkè náà lọ sílẹ̀, ìfàsẹ́yìn sì pọ̀ sí i, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba inú apá kọjá láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Ìdí nìyẹn tí ihò inú iṣẹ́ yìí kò fi kọjá imú.

Apá fúnra rẹ̀

NACA 0012 ni, àwòṣe apá tí ojú òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bákan náà, gígùn láti imú dé ìrù 150 mm, ìbú 200 mm. Ó nípọn jù ní 45 mm sí imú, níbi tó ti tó 18 mm. Fún ẹni tí yóò gé pátákó àwòṣe: ní 1.9 mm sí orí imú ó nípọn 5.7 mm, ní 3.75 mm, 7.8 mm, ní 7.5 mm, 10.7 mm, ní 15 mm, 14 mm ó lé díẹ̀. Orí imú gan-an yípo pẹ̀lú réédíọ̀sì 2.4 mm. Ibi 15 mm yẹn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá, ni a ti gé imú kúrò kí a lè máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ara apá jẹ́ ègé 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 mm, tí 3D printer tẹ̀ ní òró pẹ̀lú PETG, irú ike kan. A fi ọ̀pá irin 6 mm méjì gún wọn pọ̀, a fi epoxy lẹ̀ wọ́n. Ẹ má lo PLA, ike mìíràn tí printer ń tẹ̀. Inú mọ́tò tí a páàkì sínú oòrùn Ábújá ń gbóná dé ibi tí PLA ti ń rọ̀, ìyẹn bíi 60°C, apá tó bá sì ti tẹ̀ ní ìlàjì mílímítà kò wúlò mọ́. Fílà tí àwọn panel beater ń lò ló dí ojú ìsopọ̀, sáńpépà 240 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà 400.

Ìrù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Printer tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.4 mm kì í tẹ ìrù tó tín-ín ju 0.8 mm lọ, ìrù kùmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń súfèé. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: 0.2 ní ìlọ́po 20 m/s, ká pín in sí 0.0008 m, 5 kHz ló ń jáde. A fi sáńpépà fá ìrù náà dé 0.4 mm, súfèé náà sì sá lọ sí 10 kHz, níbi tí kò ti ní da ohun tí a ń wá láàmú.

Ní ojú ibi tí a gé imú, a fi kòtò tóóró 4 mm fífẹ̀, 6 mm jíjìn sílẹ̀. Imú kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n tó wọ inú kòtò náà láti ẹ̀gbẹ́, tépù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ojú ìpàdé wọn. Ìpàdé tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi 0.2 mm ga ju èkejì lọ ti di ohun mìíràn tí ń da afẹ́fẹ́ rú. Ẹ fi èékánná gbà á: bí èékánná bá kọ́, ẹ tún un fá.

Gbogbo imú gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà. Imú tó bá nípọn ju èkejì lọ máa ń tẹ ààjà kéékèèké dàrú kó tó dé ara rẹ̀, ohùn òkè á sì dínkù láìsí ihò kankan. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta lórí ìbú rẹ̀.

Àpótí afẹ́fẹ́

Ẹnu tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde jẹ́ 200 mm sí 200 mm. Ní 20 m/s, 0.8 m³ ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìfúnpá tí afẹ́fẹ́ tó ń sáré yẹn gbé jẹ́ 221 Pa. Bí a bá ka gbogbo ìdènà ojú ọ̀nà mọ́ ọn, ká fojú bù ú sí 450 Pa, agbára afẹ́fẹ́ yẹn jẹ́ 360 W. Blower tí ń sọ ìdajì iná di afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ 720 W, nítorí náà 1.5 hp tó, ó sì ní àyè díẹ̀. Tòkúnbọ̀ ló wà ní Panteka ní Kaduna. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ gbọ́ bóyá bíárìn ń ké. Ẹ wá èyí tí mọ́tọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti fésì mẹ́ta, kí VFD, ẹ̀rọ tí ń darí ìyára mọ́tọ̀, tí ń gba iná fésì kan lè máa darí rẹ̀. Láìsí VFD, ìgbà tí iná NEPA bá sún láti 220 V sí 190 V, ìyára á yí padà lẹ́yìn yín. Àmọ́ VFD fúnra rẹ̀ ń han: bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí 4 kHz, ìlà kan gbọọrọ á dúró sí 4 kHz nínú gbogbo ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí 12 kHz tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Blower wà níta fèrèsé. Láàárín rẹ̀ àti àpótí, tapólì la fi so ó, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà gba ara pákó wọlé. Lẹ́yìn tapólì ni àpótí tí ń pa ariwo blower: plywood 18 mm láti Dei-Dei, gígùn 1.2 m, inú rẹ̀ ní rock wool (òwú tí a fi òkúta ṣe) 50 mm tí a fi aṣọ bò, ó sì ní ìgùn kan kí ojú má lè rí blower láti inú yàrá. Ìgùn yẹn ṣe pàtàkì ju nínípọn rock wool lọ. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣe nǹkankan fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi í síbi tí ẹyin wà.

Àpótí ìtura tẹ̀lé e, 600 mm sí 600 mm, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń rìn ní 2.2 m/s péré. Inú rẹ̀ ni sítírọ́ọ̀ tí a tò bí afárá oyin wà, láti mú kí afẹ́fẹ́ máa lọ tààrà. Sítírọ́ọ̀ 6 mm, a gé e sí 60 mm. Ojú náà ń gba bíi 11,500 ègé. Sítírọ́ọ̀ gígùn 200 mm ń fún wa ní ègé 3, nítorí náà ẹ ra 4,000. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó darúgbó síbẹ̀. Ẹ tò wọ́n pọ̀ gírígírí nínú férémù kí àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì wọ́n mú níwájú àti lẹ́yìn. Látibẹ̀ ni àpótí ti ń fúnra lọ sí 200 mm lórí gígùn 600 mm, pẹ̀lú plywood 3 mm tí a fi omi gbígbóná tẹ̀. Nígbà ọyẹ́, pákó tí a tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sunkì, ojú ìsopọ̀ ń là, afẹ́fẹ́ ń súfèé gba ibẹ̀. Ẹ fi sílíkóònù kun inú ìsopọ̀, kì í ṣe ìta.

Lẹ́yìn ìfúnra ni àwọ̀n tí ń dá rúgúdù sílẹ̀: ọ̀pá igi 10 mm, àárín ọ̀pá sí àárín ọ̀pá 50 mm. Ó ń dí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ju 40 lọ, afẹ́fẹ́ tó ń jáde láàárín àwọn ọ̀pá á máa fà mọ́ra wọn, rúgúdù náà kò sì ní dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tààrà 500 mm tẹ̀lé àwọ̀n náà kí rúgúdù tó dé ẹnu. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì ti ẹnu náà jáde, apá sì wà láàárín wọn, imú rẹ̀ 100 mm sí ẹnu.

Imú mẹ́rin

Àkọ́kọ́ ni imú líle, PETG, tí a fá bí ara apá. Òun ni òṣùwọ̀n fún gbogbo èyí tó kù.

Èkejì jẹ́ fóòmù tí àwọn tó ń sin ẹja ń fi ṣe àsẹ́, ihò 30 nínú ínǹṣì kan, ìyẹn bíi 0.85 mm sí ara wọn. Wáyà gbígbóná kọ́ ni ẹ ó fi gé e: fóòmù polyurethane ń mú èéfín olóró jáde. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ gbé e sínú fíríísà títí yóò fi dì gbagidi, kí ẹ wá fi ayùn eléyín wẹ́wẹ́ gé e, kí ẹ fi sáńpépà 80 fá a mọ́ pátákó àwòṣe kí yìnyín tó yọ́. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ó parí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kànìnkànìn melamine funfun tí a fi ń nu ògiri náà ṣeé lò, òun kì í yọ́ fún wáyà gbígbóná rárá, abẹ fẹ́lẹ́ nìkan ló ń gbà, àmọ́ ó ń fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ léti. Gọ́ọ̀mù ni ọ̀tá fóòmù: bí a bá kun ún dé gbogbo ẹ̀yìn, á wọ inú ihò, fóòmù 13 mm á di 10 mm. Ẹ tò ó ní kíkán, ní 20 mm sí ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni gyroid, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ tí gbogbo ihò rẹ̀ já síra wọn, tí printer tẹ̀, èyí tó dára jù fún àtúnṣe nítorí a lè tẹ irú rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú slicer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún printer bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́: ẹ tẹ àwòrán imú tó kún, àmọ́ ẹ sọ iye ògiri di 0, ojú òkè di 0, ìsàlẹ̀ di 0, kí infill, ìyẹn ohun tó kún inú rẹ̀, jẹ́ gyroid ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù nígbà náà ni ihò, bíi ìdá 75. Ẹ̀yìn imú, níbi tó ti kan ara apá, ní pátákó líle 2 mm, kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú ara apá. Ahọ́n wà lẹ́yìn pátákó yẹn. Ègé 4 ti 50 mm ni, ní òró. Bí ẹ bá tẹ 200 mm lẹ́ẹ̀kan, òkè rẹ̀ á máa mì bí igi ìbẹ́pẹ, ìlà á sì ṣẹ́. Odindi imú pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ wúwo bíi 21 g.

Ìṣòro gyroid ni irun. PETG tó ti mu omi ń fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láàárín ihò, pàápàá láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, okùn yẹn sì ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ju bí ojú ṣe rò lọ. Ẹ sá filament ní 65°C fún wákàtí 5 kí ẹ tó tẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi heat gun fọn ún fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, imú á tẹ̀.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ gyroid kan náà pẹ̀lú ògiri 1 mm láàárín, láti orí imú dé pátákó ẹ̀yìn, tó pín òkè níyà kúrò lára ìsàlẹ̀.

Ìdánwò ihò

Imú méjì tí a tẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọra lójú kí wọ́n má jọra nínú. Nítorí náà, pẹ̀lú imú kọ̀ọ̀kan la ti ń tẹ dísìkì 50 mm tó nípọn 15 mm, a sì ń fún un mọ́ inú páìpù PVC tí inú rẹ̀ jẹ́ 50 mm. Gírísì ni ẹ fi yí etí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ihò á dà bíi pé ó là ju bó ti là lọ. Ẹ ti afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ sínú àpò ọ̀rá 50 lítà, kí ẹ ka àsìkò: bí àpò bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 51, ìyára inú páìpù jẹ́ 0.5 m/s.

Ìfúnpá tó sọnù kéré gan-an, rọ́bà U (rọ́bà olómi tí a tẹ̀ bí U láti fi wọn ìfúnpá) tó dúró lóòró kò ní fi í hàn. Ẹ dà á gbọ́ọ̀rọ̀ sórí pákó, 1 sí 10, kí 1 mm omi lè di 10 mm lórí rúlà. Bí ó bá ṣì kéré, ẹ to dísìkì 4 léra wọn. Ẹ pín ìfúnpá náà sí nínípọn dísìkì, kí ẹ tún pín in sí ìyára, fún ìyára márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ yà wọ́n sórí gíráàfù. Ìlà tó tọ́ ló yẹ kó jáde. Ibi tó ti gé òpó òsì ni ìdènà ti Darcy: 0.0000187 tí ẹ bá pín sí i ni K, òṣùwọ̀n bí ihò ṣe ń gba afẹ́fẹ́ láyè tó, fún afẹ́fẹ́ 30°C. Bí ìlà ṣe dagun tó ni ti Forchheimer, ti ààjà inú ihò. Bí ìlà náà bá wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, afẹ́fẹ́ ń jò níbìkan.

Ìyára, gbohùngbohùn, àti ohun tó ń tannijẹ

Ìwé máa ń lo 1.225 kg/m³ fún afẹ́fẹ́. Ábújá wà lórí òkè. Ní 960 hPa àti 30°C, afẹ́fẹ́ jẹ́ 1.10. Ẹni tó bá lo ti ìwé, ìyára tó kọ sílẹ̀ á fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti òótọ́, ariwo yìí sì ń gòkè bí ìyára tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn agbára karùn-ún sí ẹ̀kẹfà rẹ̀, nítorí náà àṣìṣe ju 1 dB lọ ti wọlé kí a tó gbé imú kan sójú rẹ̀. Fún 20 m/s níbí, omi inú rọ́bà U ń gòkè ní 22.5 mm. Ẹ ka ìfúnpá ojú ọjọ́ lórí fóònù tó ní bàrómítà, ẹ wọn ooru, kí ẹ sì tún un ṣírò ní gbogbo alẹ́.

Alẹ́ ni, láàárín aago 1 sí 4, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti sùn tí ìpè àdúrà òwúrọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Lásìkò òjò, ìrẹ̀ ń han ní bíi 4 sí 5 kHz. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé apá ló ń súfèé. Gbohùngbohùn wà ní 1 m sí imú, ní igun 90° sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́, níta afẹ́fẹ́ tó ń jáde. Bí fóònù lẹ ó bá lò, ẹ lo app tó lè pa gain tó ń yí ara rẹ̀ padà. Bí kò bá lè pa á, fóònù á máa gbé ohun kékeré sókè, á máa rẹ ńlá sílẹ̀, gbogbo imú á sì dọ́gba. Ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 30 sílẹ̀ ní 48 kHz, kí kọ̀ǹpútà gé e sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 4096 (wọ́n ń pè é ní fèrèsé Hann), kí ìdajì ègé kan gun ìdajì èkejì. Bíi 700 ègé lẹ ó fi ṣe àròpín.

Ẹ kọ́kọ́ gba ohùn àpótí láìsí apá nínú rẹ̀. Àwọ̀n rúgúdù ń pariwo fúnra rẹ̀, ó sì lè bo apá mọ́lẹ̀. Bí ohùn pẹ̀lú apá bá jẹ́ 68 dB tí ti àpótí nìkan jẹ́ 65, apá nìkan jẹ́ 65. Níbi tí ìyàtọ̀ méjèèjì kò bá tó 3 dB, ẹ pa ibẹ̀ rẹ́ lórí gíráàfù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òkè 5 kHz ló ń lọ.

Ẹ yọ ìlà imú oníhò kúrò lára ti imú líle. Ohun tó yẹ kó hàn ni pé láti ọgọ́rùn-ún mélòó kan Hz dé 2 kHz, imú oníhò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú dB díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 15 dB, nǹkan ti jábọ́ níbìkan, ẹ wo ìyára. Lókè, ìlà méjèèjì á gún ara wọn, imú oníhò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ju líle lọ, nítorí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, afẹ́fẹ́ tó ń rọra kọjá lórí rẹ̀ ń kọlu etí ihò. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a nà bo imú ń dín èyí kù. Ẹ wọn K rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lórí, kì í ṣe láìsí.

Bí ẹ bá yọ àwọ̀n rúgúdù kúrò láti fi wò ó, imú líle lè bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé gooro, imú oníhò kò sì ní súfèé. Ẹ má yọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ̀ lára apá líle láìdàrú ló ń súfèé ní ìrù, imú oníhò kàn ti da á rú ni. Ẹ lẹ ìlà sáńpépà 5 mm mọ́ ojú méjèèjì ní 22 mm sí imú, lórí gbogbo imú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, súfèé á lọ.

Igun, àti eruku

Ní 0°, ìyàtọ̀ àárín imú ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin kò pọ̀. Ní 6°, ìfúnpá ìsàlẹ̀ ju ti òkè lọ, afẹ́fẹ́ á máa gba inú gyroid kọjá, ìgbéròkè á sì dínkù. Ọ̀pá irin inú apá la mú gba ihò pákó ẹ̀gbẹ́ kọjá sórí sìkéèlì ìdáná méjì tó ń ka 1 g. Àpapọ̀ wọn kò ní ju 400 g lọ ní 20 m/s, nítorí náà ihò pákó kò gbọdọ̀ fara kan ọ̀pá. Afẹ́fẹ́ tó jáde sí gbangba máa ń tẹ̀ nígbà tó bá pàdé apá, igun tí apá rí kéré sí 6° tí ẹ fi ṣètò rẹ̀. Ẹ fi imú wé imú ní igun kan náà, ẹ má fi wé tábìlì inú ìwé. Imú ẹ̀kẹrin ń dá púpọ̀ nínú ìgbéròkè padà, ó sì ń fi díẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ san án. Fún fáànù, òun ni à bá mú. Fún ohun tí kò nílò ìgbéròkè, bí ọ̀pá tó di mọ́tọ̀ mú lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ̀kẹta tó.

Láti oṣù kọkànlá, eruku ọyẹ́ ń wọ gbogbo ihò. Sìkéèlì àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù tó ń ka 0.01 g ló yẹ kí imú kọ̀ọ̀kan gun kó tó wọ àpótí. Bí gyroid bá ti fi 0.2 g wúwo sí i, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji, kí ẹ tún wọn dísìkì rẹ̀ tí ẹ ti gbé sójú afẹ́fẹ́ kan náà. Fóòmù kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ ń yọ. Ẹ gé òmíràn.